Mọ́tò Onígun Bíi Páálí Bàtà: Ṣé Ó Yẹ Àgbà, Ṣé Ó Yẹ Ọmọdé?

 Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti oògùn la sábà máa ń sọ lójú ewé yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má rò pé mo ṣìnà. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tó sì gbọ́dọ̀ máa lọ rí dókítà lóṣooṣù, mọ́tò tó ń gbé e lọ wà lára ìtọ́jú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí à ń gbé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibi tó jókòó sí nínú mọ́tò ṣe pàtàkì bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ṣe pàtàkì.

Ìyá kan ládùúgbò wa ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Màmá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ó ti pẹ́ tí orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àkọ́bí wọn fẹ́ ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan tí yóò máa fi gbé wọn lọ sí ọsibítù àti ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò sì tún máa fi gbé àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ẹni tó ń tà á gbé e wá kí wọ́n wò ó, ṣe ni àwọn ọmọ àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní páálí bàtà ni, òmíràn ní fíríìjì tó ń rìn ni. Màmá fúnra wọn wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀, wọ́n ní, “Àwọn ọmọ tó ń kọrin kiri ló ń wa irú èyí. Kí ni ìyá arúgbó fẹ́ fi ṣe?”

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ inú rẹ̀ jókòó, ojú wọn yí padà. Wọn ò tẹ̀ kọdọrọ kí wọ́n tó wọlé, wọn ò sì pariwo “yéè” tí wọ́n máa ń pa bí wọ́n bá ń wọ mọ́tò ọmọ wọn kejì. Ìgbà yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé, “Ọmọ mi, ìwọ tó o máa ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, bá mi wádìí mọ́tò yìí dáadáa.” Ohun tí mo rí nídìí ìwádìí náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe Màmá Tíṣà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ta ni wọ́n ṣe é fún?

Scion xB ni mọ́tò náà ń jẹ́, ilé iṣẹ́ Toyota ló sì ṣe é. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní Japan, bB ni wọ́n pè é lọ́hùn-ún. Nígbà tó di 2003, Toyota dá orúkọ tuntun sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Scion, tìtorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní àwọn ò lè wa irú mọ́tò tí bàbá àwọn ń wa. Ìpínlẹ̀ California ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, kó tó di pé ó tàn ká orílẹ̀-èdè náà ní 2004. Wọ́n ṣe é ní onígun mẹ́rin kí ó lè yàtọ̀, kí àwọn ọmọ lè kó ẹrù wọn sínú rẹ̀, kí wọ́n sì lè ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bó ṣe wù wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà tó ń wá mọ́tò tó rọrùn láti wọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Honda Element, tí wọ́n ṣe láti 2003 sí 2011, tí àwọn tó ṣe é ní ọmọ yunifásítì làwọn ní lọ́kàn, àmọ́ tí àwọn òbí wọn gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n pète rẹ̀ fún ọmọ, àgbà ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Toyota pa orúkọ Scion rẹ́ ní 2016, nítorí náà kò sí èyí tó jẹ́ tuntun mọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ẹnì kan ti lò ó rí.

Ìdí tí orúnkún fi fẹ́ràn rẹ̀

Ẹ ronú sí bí ẹ ṣe máa ń wọ mọ́tò tó lọ sílẹ̀. Ẹ óò bẹ orí wọlé, ẹ óò tẹ orúnkún, ẹ óò já lulẹ̀ sórí ìjókòó bí ẹni tó jókòó sórí àpótí ìdáná. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó di kí ẹnì kan wá fà yín dìde. Ti jíìpù ńlá, bí ẹni ń gun àkàsọ̀ ni. Mọ́tò onígun yìí wà láàárín méjèèjì. Kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ lé ní mítà 1 àti ààbọ̀. Ìjókòó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àga tí ẹ fi ń jẹun nílé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ga, kò sì dagun lókè, torí náà kò sídìí tí ẹ ó fi forí gbá nǹkan.

Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o, ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ìjókòó, ẹ rọra jókòó, lẹ́yìn náà kí ẹ yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pa pọ̀. Bí ẹ bá jókòó tán tí orúnkún yín ga ju ìbàdí lọ, mọ́tò náà ti lọ sílẹ̀ jù fún yín. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ yín ò bá kan ilẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì kọjú síta, ó ti ga jù. Ẹ wọlé, ẹ jáde, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, nítorí ẹ̀ẹ̀kẹta ni orúnkún máa ń sọ òótọ́.

Ẹ̀yin òbí ọmọ kéékèèké, ẹ fọwọ́ yẹ àárín ẹ̀yìn ìjókòó àti ibi tí ìdí ń kàn wò, lápá ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹ óò rí irin tó tẹ̀ bí ìkọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú mọ́tò tuntun, kí àga ọmọdé lè dúró digbí. Ẹ̀yìn ni kí gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 máa jókòó sí. Àga ọmọ ọwọ́ tó kọjú sẹ́yìn kò sì gbọ́dọ̀ wà níwájú láéláé níbi tí àpò afẹ́fẹ́ wà, ìyẹn èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹ́ábáàgì.

Ibi tí ó kù sí

Kò sí bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe lè jó kí ó má ní abùkù lára. Àkọ́kọ́, kì í ṣe ọ̀kánkán ìwakọ̀ ni aago tó ń sọ eré tí ẹ ń sá wà, àárín mọ́tò ni. Àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì gbọ́dọ̀ wà á wò kí ó tó sọ pé ó bá òun mu. Ìkejì, nítorí pé ó dúró bí ògiri, atẹ́gùn máa ń tì í lójú ọ̀nà márosẹ̀, ariwo atẹ́gùn náà sì máa ń pọ̀ bí ẹ bá ń sáré. Mọ́tò àárín ìlú ni, kì í ṣe mọ́tò ẹni tó ń lọ Àbújá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìkẹta, oríṣi méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Oríṣi kìíní ni ti 2004 sí 2006. Ó kéré, ó fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.5, irú èyí tó wà nínú Toyota Yaris àtijọ́, kò sì jẹ epo púpọ̀. Bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àpò afẹ́fẹ́ iwájú méjì nìkan ló ní, kò sí ti ẹ̀gbẹ́. Oríṣi kejì ni ti 2008 sí 2015. Ó tóbi, ó wúwo, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, irú èyí tó wà nínú Camry ìgbà náà, ó sì ní àpò afẹ́fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ àti lókè fèrèsé. Epo tó ń jẹ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣéènì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì, kì í ṣe bẹ́líìtì tí à ń pààrọ̀ lóòrèkóòrè. Àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì wọn kò ṣòro rí lọ́jà bíi Ládípọ̀, nítorí mọ́tò Toyota mìíràn ń lò wọ́n. Iná iwájú, gíláàsì àti bọ́ńpà ni ẹ óò wá kiri, nítorí ìwọ̀nyẹn kò bá mọ́tò mìíràn mu.

Ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 yẹn ní ìṣòro kan tí gbogbo ayé mọ̀, pàápàá ti 2008 àti 2009: ó máa ń jẹ ọ́ìlì. Ọ́ìlì náà yóò máa dín kù láìsí pé ó ń jò sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè jí lọ́jọ́ kan kí ó bá ẹ́ńjìnnì tó ti kú.

Èyí tó lè gba ẹ̀mí

Ẹ jọ̀wọ́, ibi tí mo dé yìí, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Japan tí wọ́n ń pè ní Takata. Àwọn ló ṣe àpò afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò lágbàáyé. Kẹ́míkà kan wà nínú irin kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò náà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń ba kẹ́míkà yìí jẹ́. Lọ́jọ́ tí mọ́tò bá forí gbárí, dípò kí àpò náà wú bó ṣe yẹ kó gba èèyàn sílẹ̀, irin náà lè bẹ́, kí àfọ́kù rẹ̀ máa fò bí ọta ìbọn. Èèyàn ti kú nípa bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn, Takata sì wọko gbèsè ní 2017. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù mọ́tò ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà wá fún àtúnṣe ọ̀fẹ́.

Scion xB ti 2008 sí 2015 wà lára wọn. Àpò afẹ́fẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn nínú rẹ̀ ni ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wakọ̀. Ẹ gbọ́ ná, ta ló máa ń jókòó síbẹ̀? Ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ sí ọsibítù ni. Ooru àti ọ̀rinrin tó ń ba kẹ́míkà náà jẹ́ ńkọ́? Irú èyí tí àwa ń mí símú láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá ni. Mọ́tò tí wọ́n bá kó wá síbí láìṣe àtúnṣe náà, ewu rẹ̀ kò dúró sí Amẹ́ríkà, ó bá a wọ ọkọ̀ ojú omi wá ni.

Kò ṣòro láti mọ èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Nọ́ḿbà ẹni-kọ̀ọ̀kan tó ní lẹ́tà àti òǹkà 17 wà lára mọ́tò yìí. Ẹ óò rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá òsì, àti ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn ìwakọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú ìwé NHTSA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú títì. Ọ̀fẹ́ ni. Bí àtúnṣe kan bá wà tí wọn ò tíì ṣe, yóò jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ra mọ́tò náà tẹ́lẹ̀, ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣojú Toyota bí wọ́n ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wakọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì ẹ̀bá títì tú u. Nǹkan tó ń bú gbàmù ló wà nínú rẹ̀.

Nọ́ḿbà yìí tún ń tú àṣírí mìíràn. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ń sọ ọdún mọ́tò: 4 ni 2004, 6 ni 2006, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Bí ẹni tó ń tà á bá ní 2010 ni, tí 8 sì wà níbẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ná ọjà.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò ó

Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n má tíì ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì tó tutù ni kì í purọ́. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, ẹ má lo ti ẹni tó ń tà á. Nǹkan tí ẹ óò wò nìyí.

Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná àpò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tàn, kí ó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, nǹkan ti bàjẹ́. Bí kò bá tiẹ̀ tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má bàa mọ̀.

Ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà nígbà tí wọ́n bá ṣáná. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jó. Ẹ fetí sí i bóyá ó ń jò lábẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ nípa ìdílé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa lójú oorun, irú èéfín kan náà ló ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ìdí nìyí tí kò fi dára láti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò yìí sílẹ̀ gbayawu nítorí pé ẹrù gùn. Ṣe ni èéfín náà yóò máa fà wọlé bá àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, tí ẹrẹ̀ sì wà nídìí irin ìjókòó, mọ́tò tí omi bò ni. Ìjì líle bíi Katrina ní 2005, Sandy ní 2012 àti Harvey ní 2017 ri àìmọye mọ́tò sómi ní Amẹ́ríkà. Kí mẹkáníìkì tún wọ abẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ máa ń da iyọ̀ sójú títì, iyọ̀ náà sì ń jẹ irin.

Ẹ wo òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Bí ẹ bá rí 1419, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè ṣì ní ẹyín kí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ, irú rẹ̀ ló ń bẹ́ lójú ọ̀nà nígbà tí oòrùn bá mú.

Ẹ wà á lórí ọ̀nà tí kò dára. Ẹ fetí sílẹ̀ fún ìró “kò-kò” lábẹ́. Bí ẹ bá ti jíà sí D tí ó rò ó kí ó tó gbéra, ẹ béèrè ìdí. Kí ẹni tó máa wà á jókòó kí àyà rẹ̀ jìnnà sí ìwakọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 ó kéré tán, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣì tẹ bíréèkì dáadáa. Àwọn ìyá wa tí kò ga, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí ẹ bá rí bB, ìyẹn ti Japan, tí wọ́n ti gbé ìwakọ̀ rẹ̀ láti ọ̀tún wá sí òsì, ẹ fi í sílẹ̀. Ìwakọ̀ àti bíréèkì kì í ṣe nǹkan tí à ń tú gbé kiri. Bó bá sì jẹ́ Honda Element ni ẹ rí, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé ṣí àfi tí ti iwájú bá ti ṣí. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè dá jáde. Fún ìyá àgbà tàbí ọmọdé, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Ibi tí Màmá Tíṣà bá a dé

Mọ́tò tí wọ́n gbé wá fún Màmá ń dán gbinrin, ti 2008 ni. A tẹ nọ́ḿbà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì jáde pé wọn ò tíì pààrọ̀ àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a sọ fún ẹni tó ń tà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ta ló ń wo ìyẹn ní Nàìjíríà?” Màmá dá a lóhùn pé, “Èmi ni. Èmi ni mo máa jókòó síbẹ̀.” Ọmọ wọn bínú díẹ̀, nítorí ọkàn rẹ̀ ti lọ sí mọ́tò náà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n rí òmíràn, ti 2010. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti họ, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Àmọ́ nígbà tí a yẹ nọ́ḿbà rẹ̀ wò, kò sí àtúnṣe kankan tó kù. Wọ́n ti pààrọ̀ àpò náà ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó kó o wá. Òun ni wọ́n rà, wọ́n sì fi owó díẹ̀ pa mọ́ fún táyà tuntun àti ọ́ìlì. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ọmọ-ọmọ Màmá tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 ló ń fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, á nù ún, á tún kì í bọ̀ ọ́, á wá gbé e wá fi han ìyá àgbà lórí àga wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń pe mọ́tò náà ní páálí bàtà. Màmá ní kò burú, bàtà tó bá ẹsẹ̀ òun mu ló wà nínú páálí náà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tìtorí pé ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún kí ẹ kọ ohun tó dẹrùn fún eegun yín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tìtorí pé ó ń dán kí ẹ gbé ìyá yín jókòó síwájú ewu. Nọ́ḿbà 17 yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó ka owó.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.